Ààlà láàrin Ìsìn àti Àpọ́nlé: Ohun tí Ìlà-Oòrùn Éṣíà Lè Kọ́ Olùkọ́ Yorùbá ní Agbègbè Kosofe

Ìfáàrà

Ní oṣù kejì ọdún 2018 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ náà, ìbáà jẹ́ ti ìjọba, ìbáà jẹ́ ti aládàáni. Ibi tí òfin yìí ti di iṣẹ́ ńlá lọ́rùn olùkọ́ ni irú agbègbè bíi Kosofe. Ní Ketu, Alápẹ́rẹ́, Ìkòsí àti Mile 12, ọmọ Àwórì onílẹ̀ àti ọmọ Ìjẹ̀bú ń jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ Haúsá tí bàbá rẹ̀ ń ta tòmátò àti ata ní ọjà Mile 12, àti ọmọ Ìgbò tí ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìkòròdú. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òbí wọn jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Onígbàgbọ́. Èdè nìkan kọ́ ni òfin náà gbé wọ kíláàsì. Àṣà bá a wọlé. Bí iṣẹ́ bá dé orí ìkíni, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú tàbí egúngún, kò ṣòro kí òbí kan ránṣẹ́ sí olùkọ́ pé ìbọ̀rìṣà ni wọ́n ń kọ́ ọmọ òun.

Ìdáhùn tí ó wà lẹ́nu púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ kúrú: 'Àṣà ni, kì í ṣe ẹ̀sìn.' Ìdáhùn náà ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Ṣé òtítọ́ ni? Ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé ohun kan jẹ́ àṣà tàbí ẹ̀sìn? Àwọn ènìyàn kan ti jiyàn lórí ìbéèrè yìí fún ọ̀rúndún mẹ́ta ṣáájú àsìkò yìí, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn ni ará Ìlà-Oòrùn Éṣíà: Ṣáínà, Kòríà àti Jàpáànù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kosofe kò ṣàìmọ̀ nípa àwọn ará ibẹ̀. Ògiri pupa gàgàrà China Town, tí àwọn oníṣòwò Ṣáínà kọ́ sí Òjótà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Ketu. Ní Unifásítì Èkó ní Akọka pàápàá, ilé-ẹ̀kọ́ èdè Ṣáínà kan wà tí ó ń jẹ́ orúkọ Confucius. Ọjà wọn ni a mọ̀, a kò mọ èrò wọn.

Ọmọ àti òbí

Confucius gbé ayé láti nǹkan bí ọdún 551 sí 479 ṣáájú ìbí Jésù. Kò pe ara rẹ̀ ní wòlíì, kò sì dá ìjọ kankan sílẹ̀. Olùkọ́ ni. Ohun tí ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwà rere ni èyí tí wọ́n ń pè ní xiao, ìyẹn ìwà tí ó yẹ kí ọmọ hù sí òbí rẹ̀ nígbà tí òbí wà láàyè àti lẹ́yìn tí ó bá ti kú. Kò sí Yorùbá kan tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí òkété tí ó dàgbà tán tí ó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Confucius fi nǹkan kan kún un tí ó yẹ kí olùkọ́ fi ara balẹ̀ gbọ́: ó ní bíbọ́ òbí nìkan kò tó, nítorí àwọn ẹran ọ̀sìn inú ilé náà ń jẹun. Ọ̀wọ̀ ni ó yẹ kí ó mú ìyàtọ̀ wá. Ẹni tí ó ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láti Èkó lóṣooṣù, tí kò sì bá a sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́tù, kò tíì ṣe xiao. Yorùbá náà kò ní pè é ní ọmọlúàbí.

Ìjọra yìí ní ibi tí ó mọ. Ìbáṣepọ̀ márùn-ún ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Confucius to ìgbé-ayé ènìyàn lé lórí: ọba àti ìjòyè, bàbá àti ọmọ, ọkọ àti aya, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́. Nínú márààrún, ọ̀kan péré ni àwọn méjèèjì ti dọ́gba. Wọ́n retí pé kí ẹni tí ó wà lókè náà ṣe ojúṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìtàn fi ń gùn, ẹrù náà ń wúwo lọ́rùn ọmọ, aya àti àbúrò, títí àwọn ọ̀dọ́ Ṣáínà fi gbógun tì í ní gbangba ní nǹkan bí ọdún 1919. Yorùbá kò fi ojú kékeré wo ipò àgbà, ṣùgbọ́n òwe tí ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ kò jẹ́ kí àgbà jókòó lásán. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ọmọlúàbí wé xiao kò gbọdọ̀ sọ apá kan di èkejì.

Ọ̀rọ̀ ìsìnkú ni àwùjọ méjèèjì ti pàdé jù lọ. Ọdún mẹ́ta ni àṣà àtijọ́ ní Ṣáínà yàn fún ọmọ láti ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀; ní ìṣirò, oṣù 25 ni wọ́n máa ń lò. Ẹni tí ó wà ní ipò ìjọba a máa fi ipò sílẹ̀ lọ sílé. Ní ọ̀rúndún kan náà tí Confucius kú ni ọ̀mọ̀ràn mìíràn tí ń jẹ́ Mozi dìde, ó ní òkú náwónáwó àti ọ̀fọ̀ gígùn ń sọ alààyè di òtòṣì, ó ń dá iṣẹ́ oko dúró, kò sì ṣe òkú ní àǹfààní kankan. Bí Mozi bá kọjá ní Ketu ní ọjọ́ Sátidé, tí ó bá àtíbàbà tí ó dí òpópónà láti ìkángun kan dé èkejì, pẹ̀lú aṣọ ẹbí oríṣi mẹ́ta fún òkú kan ṣoṣo, kò ní nílò ògbufọ̀. Yorùbá ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Òwe náà kò sọ iye tí ìsìnkú gbọdọ̀ jẹ.

Ìjà ọdún 235

Ní ọdún 1582 ni àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan, ọmọ Ítálì, tí ń jẹ́ Matteo Ricci, gúnlẹ̀ sí Macau, ìlú tí àwọn Potogí ń lò ní etí òkun Ṣáínà. Ẹgbẹ́ Jesuit ni ó wà. Ó kọ́ èdè, ó ka ìwé Confucius, ó wọ irú aṣọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà ń wọ̀, ó sì dé Beijing ní 1601. Ohun tí ó rí nínú ilé gbogbo ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ òbí tí ó ti kú sí. Wọ́n a máa gbé oúnjẹ síwájú pátákó náà, wọ́n a jó tùràrí, wọ́n a sì foríbalẹ̀. Ricci rò ó títí, ó wá parí èrò sí pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe, pé àwọn ọmọ fẹ́ fi hàn pé àwọn kò gbàgbé. Ó gba àwọn tí ó di Onígbàgbọ́ láàyè láti máa ṣe é.

Ricci kú ní 1610. Àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Dominican àti Franciscan tí ó dé lẹ́yìn ọdún 1630 kò gbà. Àwọn kò gbé àárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Àárín àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n wà, wọ́n sì rí i pé àwọn mẹ̀kúnnù gbàgbọ́ pé ẹ̀mí òkú wá sínú pátákó náà láti jẹun. Ẹ̀rí méjèèjì ni ó jóòótọ́. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fò dá nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí: ìṣe kan náà jẹ́ ìrántí lọ́dọ̀ ẹnìkan, ó sì jẹ́ ìsìn lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Rómù sọ ní 1645 pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Ní 1656, lẹ́yìn tí àwọn Jesuit ti ṣàlàyé tiwọn, ó ní ó lè ṣẹlẹ̀.

Ọba-ńlá Kangxi, tí ó fẹ́ràn àwọn Jesuit nítorí ìmọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀ wọn, fún ìjọ láyè ní 1692. Ní 1700, wọ́n bi í léèrè ohun tí àwọn ètò náà túmọ̀ sí, ó sì fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ìlú àti ẹbí ni. Èèyàn lè rò pé bí ọba ilẹ̀ bá ti sọ ìtumọ̀ àṣà ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Póòpù Clement Kọkànlá fòfin dè é ní 1704, ó tún tẹnu mọ́ ọn ní 1715. Nígbà tí Kangxi ka ìwé òfin náà ní 1721, ó bínú pé àwọn tí kò lè ka ìwé Ṣáínà dáadáa ni wọ́n ń sọ fún Ṣáínà ohun tí ó ń ṣe, ó sì ní kí wọ́n dáwọ́ ìwàásù dúró. Ọmọ rẹ̀, Yongzheng, fòfin de ẹ̀sìn náà pátápátá ní 1724. Póòpù Benedict Kẹrìnlá ti ilẹ̀kùn àríyànjiyàn ní 1742: gbogbo ajíhìnrere tí ń lọ sí Ṣáínà ní láti búra pé òun kò ní gbà á láàyè, òun kò sì ní dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀kùn náà wà ní títì títí di ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1939. Ní ọjọ́ náà ni Rómù, lábẹ́ Póòpù Pius Kejìlá, sọ pé Àgùdà lè forí tẹríba níwájú pátákó òkú àti àwòrán Confucius, nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ ti di ti ìlú. Láti 1704 sí 1939 jẹ́ ọdún 235.

Kí àwọn ọdún wọ̀nyí má bàa dà bí ìṣirò lásán lójú akẹ́kọ̀ọ́, ó dára kí olùkọ́ mẹ́nu ba ọkùnrin Kòríà kan tí ń jẹ́ Yun Ji-chung. Ọ̀mọ̀wé ni, ó sì ti gba ẹ̀sìn Àgùdà. Ní Kòríà, ètò baba ńlá tí wọ́n ń pè ní jesa ni òpó ilé àti òpó ìjọba papọ̀. Ní 1790 ni ìdáhùn dé láti ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù Beijing pé Àgùdà kò gbọdọ̀ ṣe é. Ìyá Yun kú ní 1791. Ó sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó sọkún rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe jesa, ó sì dáná sun pátákó àwọn òkú ilé rẹ̀. Ìbátan rẹ̀, Gwon Sang-yeon, ṣe bákan náà. Lójú ìjọba, ẹni tí ó lè sun orúkọ ìyá rẹ̀ kò ní ìwà ènìyàn mọ́. Wọ́n bẹ́ àwọn méjèèjì lórí ní Jeonju, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1791. Ọjọ́ kan náà nínú oṣù kan náà, lẹ́yìn ọdún 148, ni Rómù gba àwọn ọmọ Ṣáínà láyè láti tẹríba níwájú irú pátákó bẹ́ẹ̀. Póòpù Francis sọ Yun di ẹni ìbùkún ní Seoul ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014.

Kò rọrùn láti sọ ẹni tí ó jẹ̀bi nínú ìtàn yìí, kò sì pọn dandan kí olùkọ́ sọ ọ́. Ohun tí ó hàn ni pé ẹni tí ó san owó rẹ̀ kì í ṣe àwọn tí ń kọ òfin ní Rómù tàbí ní ààfin. Ọmọ tí ó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ni.

Àríyànjiyàn tiwa

Yorùbá ní irú ìjà yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí póòpù kan tí ó dá a. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó ti kọ́kọ́ yọ jáde ní Èkó. Àwọn ajíhìnrere kan rò pé ẹni tí ó bá di Onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ gba orúkọ òyìnbó. James Johnson, àlùfáà Áńgílíkà tí ó wà ní ìjọ Breadfruit ní Èkó, takò wọ́n, ó ń rọ àwọn òbí pé orúkọ ilẹ̀ wa ni kí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi ọmọ. Ní 1894 ni David Brown Vincent, ọ̀kan nínú àwọn olórí ìjọ Onítẹ̀bọmi ìbílẹ̀ tí ó yapa ní 1888, ju orúkọ náà nù, ó di Mojọlá Agbébí. Ọ̀rọ̀ ìyàwó púpọ̀ náà dá ìjọ sílẹ̀: ìjọ United Native African tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1891 kò lé ọkùnrin tí ó fẹ́ ju ìyàwó kan lọ síta. Ní 1914, àlùfáà Áńgílíkà mìíràn, T.A.J. Ògúnbíyí, gbìyànjú ohun tí ó le ju èyí lọ. Ó dá Ẹgbẹ́ Ògbóni ti Onígbàgbọ́ sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ wá yí padà sí Reformed Ogboni Fraternity. Èrò rẹ̀ ni pé a lè yọ ìbọ kúrò lára Ògbóni kí ọgbọ́n àti ìṣọ̀kan inú rẹ̀ ṣẹ́ kù. Èrò Ricci gan-an ni, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ara wọn. Púpọ̀ nínú ìjọ kò gbà fún Ògúnbíyí, wọn kò sì tíì gbà títí di òní.

Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, fídáù ọjọ́ kẹjọ ni ó dà bí pátákó Ṣáínà jù lọ. Wọ́n a ké Àlùkùránì, wọ́n a ṣe àdúrà fún òkú, wọ́n a sì ṣe sàráà. Ọ̀pọ̀ ààfáà rí i gẹ́gẹ́ bí oore tí ọmọ ń ṣe fún òbí. Àwọn mìíràn, pàápàá láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kàwé nílẹ̀ Lárúbáwá, ní àdádáálẹ̀ ni, kò sí nínú ẹ̀sìn. Ní àdúgbò kan náà ní Ìkòsí, mọ́sálásí méjì lè wà tí wọn kò fi ẹnu kò lórí rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá rò pé 'àwọn Mùsùlùmí' ní ìdáhùn kan ṣoṣo yóò ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Bí a bá wo Jàpáànù, ìyàtọ̀ kan hàn tí ó yẹ fún àkíyèsí. Ilé púpọ̀ níbẹ̀ ní pẹpẹ kékeré ti ẹ̀sìn Buddha fún àwọn òkú ẹbí, àti selífù ti Shinto fún àwọn òrìṣà ilẹ̀. Ọmọ tuntun a máa lọ sí ojúbọ Shinto; òkú a máa gba ọwọ́ àlùfáà Buddha lọ. Nígbà ọdún Obon, àwọn ènìyàn a padà sílé baba wọn láti kí òkú káàbọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí a bá bi wọ́n, yóò sọ pé àwọn kò ní ẹ̀sìn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ṣírò iye ọmọ ìjọ tí àwọn ilé ìsìn kà sílẹ̀, ó máa ń ju iye àwọn ará orílẹ̀-èdè náà lọ, nítorí pé wọ́n ń ka ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé Yorùbá náà rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé kan ń ṣe Iléyá, ó tún ń ṣe Kérésì. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ní Ketu, ẹbí ni ó ní ẹ̀sìn méjì. Ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú ẹbí mọ ibi tí òun wà. Ní Jàpáànù, ẹnìkan náà ni ó wà níbi méjèèjì. Ìdí nìyí tí 'àṣà ni' fi máa ń rọrùn lẹ́nu ará Jàpáànù ju bí ó ti rọrùn lẹ́nu ọmọ Kosofe.

Nígbà tí 'àṣà lásán' di kóńdó

Títí dé ibí yìí, ó lè dà bí ẹni pé Ricci ni ó jàre àti pé kí olùkọ́ kàn máa tẹnu mọ́ ọn pé àṣà ni. Ìtàn Jàpáànù fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé kí a ṣọ́ra.

Ní 1890 ni ọba-ńlá Meiji gbé ìwé àṣẹ kan jáde lórí ẹ̀kọ́, tí ó kún fún ìwà rere: kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún òbí, kí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn ara wọn, kí gbogbo ènìyàn fi ara jìn fún ọba. Wọ́n pín in fún ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1891, wọ́n ka ìwé náà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Tokyo, wọ́n sì ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan jáde láti forí tẹríba níwájú rẹ̀. Olùkọ́ kan níbẹ̀, Uchimura Kanzo, jẹ́ Onígbàgbọ́. Kò lè tẹríba bí wọ́n ti fẹ́. Ariwo ta jákèjádò ilẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní ọ̀wọ̀ ni ìtẹríba náà, kì í ṣe ìsìn. Ọ̀rọ̀ Ricci ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Ricci fi ṣí ilẹ̀kùn ni àwọn fi tì í.

Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Kòríà, tí Jàpáànù gbà ní 1910. Ní ọdún 1930 sí i, ìjọba àmúnisìn ní kí gbogbo ènìyàn, títí kan ọmọ ilé-ìwé, lọ tẹríba ní ojúbọ Shinto. Àlàyé wọn ni pé Shinto ti ìjọba kì í ṣe ẹ̀sìn. Rómù gba èyí fún àwọn Àgùdà Jàpáànù ní 1936. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1938, ìpàdé àgbà ìjọ Presbyterian ti Kòríà gbà á pẹ̀lú, níṣojú àwọn ọlọ́pàá. Pásítọ̀ Ju Gi-cheol kò gbà. Ó kú sí ẹ̀wọ̀n ní Pyongyang ní oṣù kẹrin ọdún 1944. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n ya Shinto kúrò lára ìjọba, òfin ìpìlẹ̀ Jàpáànù ti 1947 sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹlòmíràn wọ ètò ẹ̀sìn. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìwà ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní 1958, iyàn pọ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé àwọn olùkọ́ rántí. Ó di 2018 kí ó tó di iṣẹ́ tí ó dá dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, 'àṣà ni, kì í ṣe ẹ̀sìn' kò tó gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni ohun tí ẹni tí ó sọ ọ́ fẹ́ fi ṣe. Bí ó bá fi fún ẹlòmíràn láyè láti ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ gbà, ó dára. Bí ó bá fi gba ẹ̀tọ́ àti-sọ-pé-rárá lọ́wọ́ ọmọdé, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Uchimura ni.

Nínú kíláàsì

Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 38, sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ fi dandan gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí kópa nínú ètò ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò gbà. Òfin Èkó ti 2018 náà sọ Yorùbá di dandan. Olùkọ́ Mile 12 wà láàrin òfin méjèèjì. Orílẹ̀-èdè yìí náà ti gbìyànjú láti da ìwà àti ẹ̀sìn pọ̀ nínú iṣẹ́ kan: ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án kó ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kírísítì, ti Ìsìláàmù, ìmọ̀ àwùjọ àti ẹ̀kọ́ ọmọ-ìlú rere sábẹ́ àkọlé kan, Ẹ̀sìn àti Ìlànà Ìwà Orílẹ̀-èdè. Inú àwọn ẹlẹ́sìn kò dùn. Nígbà tí ó fi di 2017, ariwo ti pọ̀ débi pé wọ́n ní kí a ya ẹ̀sìn sọ́tọ̀. Àwọn tí ó ṣe ìlànà náà rò pé ìwà rere jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn ní papọ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kò bi àwọn òbí léèrè kí wọ́n tó dà á pọ̀.

Ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí olùkọ́ ya kíkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ṣíṣe. Egúngún jẹ́ ìmọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè ka lítíréṣọ̀ Yorùbá já. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní ará ọ̀run, ìdílé tí ó ni í, àti ipò rẹ̀ nínú ìjọba àtijọ́. Ṣùgbọ́n gbígbé ẹ̀kú wọ ọmọ lọ́jọ́ ayẹyẹ ilé-ìwé jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ gba àṣẹ òbí. Ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ pàápàá ń ṣiṣẹ́. 'Àwọn Yorùbá a máa wúre báyìí' kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú 'Ẹ jẹ́ kí a wúre.' Oríkì orílẹ̀ tí ń sọ ìtàn ìdílé ṣeé fún gbogbo kíláàsì. Oríkì òrìṣà ṣeé kà gẹ́gẹ́ bí ewì, kì í ṣe ohun tí a ń fi dandan ké ní ìdúró.

Ìkíni ni yóò mú wàhálà wá jù, nítorí pé ojoojúmọ́ ni. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ti kọ́ nílé pé Ọlọ́run nìkan ni à ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún. Kí olùkọ́ má pè wọ́n ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Haúsá a máa lóṣòó kí àgbà; ọmọ Jàpáànù a máa tẹ̀ba nígbà tí olùkọ́ bá wọlé; wọ́n lè fi èyí ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ bí wọ́n ti ń fi ọ̀wọ̀ hàn nílé tirẹ̀, kí ó sì tó dé orí ti Yorùbá. Ọmọ tí ó ti ṣàlàyé tirẹ̀ kì í bẹ̀rù ti ẹlòmíràn. Bí ó bá wà tí kò fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kí ó tẹríba díẹ̀ kí ó sì kí olùkọ́ pẹ̀lú 'ẹ' tí ó yẹ. Gírámà 'ẹ' àti 'o' jẹ́ iṣẹ́ ìdánwò. Ikùn tí ó kan ilẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìdánwò.

Àwọn ohun kan wà tí ọgbọ́n yìí kò ní lè yanjú. Orò jẹ́ ọ̀kan. Kò sí bí a ti lè sọ pé àṣà lásán ni ohun tí ó ń lé ìdajì ará ìlú wọlé, kí a sì retí kí àwọn ọmọbìnrin inú kíláàsì gbà á bẹ́ẹ̀. Kí olùkọ́ sọ ohun tí ó jẹ́, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n jiyàn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó jẹ́ ti ẹ̀ka Yorùbá gan-an, ìyẹn ìtumọ̀. Òfin 1704 àti 1715 kò dá ọwọ́ lé pátákó òkú nìkan. Ó tún ní kí àwọn Àgùdà Ṣáínà má ṣe lo Tian tàbí Shangdi, orúkọ tí àwọn ìwé àtijọ́ wọn ń pe Olódùmarè. Tianzhu, Olúwa Ọ̀run, nìkan ni kí wọ́n máa lò. Títí di òní ni Àgùdà Ṣáínà ń lo Tianzhu, tí ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì sì ń lo Shangdi, débi pé àwọn aládùúgbò wọn a máa rò pé ẹ̀sìn méjì ni. Samuel Àjàyí Crowther, tí ìtumọ̀ ìwé Róòmù rẹ̀ jáde ní 1850, gba ọ̀nà mìíràn. Ó mú Ọlọ́run láti ẹnu Yorùbá, ó mú àlùfáà, wòlíì àti àdúrà láti ẹnu àwọn Mùsùlùmí tí ó ti wà nílẹ̀ ṣáájú, ó sì fi Èṣù pe Sátánì. Ọlọ́run kò dá ìjà sílẹ̀. Èṣù ni ó dá a, ìjà náà kò sì tíì parí. Nígbà tí olùkọ́ ní Ìkòsí bá kọ 'Èṣù' sójú pátákó ìkọ̀wé níbi tí ó ti ń kọ́ wọn nípa àwọn òrìṣà, ohun tí ó wà lọ́kàn ogójì ọmọ ni ẹni tí ó dán Jésù wò nínú aginjù. Kí ó tó sọ nípa oríta, epo pupa tàbí òjíṣẹ́ láàrin ọ̀run àti ayé, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Crowther: kí ó bi kíláàsì léèrè ọ̀rọ̀ tí àwọn ìbá yàn, ká ní àwọn ni wọ́n jókòó ti tábìlì rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ kí ó tó nu ojú pátákó.